Ẹ Bi Àǹtí Oníswíìṣì: "Mo dá config padà, àṣìṣe mi ò kúrò níbẹ̀"

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lósù yìí. Àwọn tó kọ wọ́n ò mọ ara wọn, àmọ́ ibì kan náà ni ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀: wọ́n ń gbé fáìlì config (ìwé ìtò tó ń sọ bí ẹ̀rọ á ṣe ṣiṣẹ́) kúrò lórí swíìṣì, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, lọ sórí sáfà, tàbí wọ́n ń gbé e bọ̀. Lílọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Àbọ̀ rẹ̀ lèmi máa ń bẹ̀rù.

Cisco IOS, ètò tó ń darí swíìṣì Cisco, ni gbogbo wọn ń lò, nítorí náà èdè rẹ̀ ni màá sọ. Ẹni tí swíìṣì rẹ̀ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, kó yẹ ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ wò kó tó tẹ ohunkóhun. Lórí àwọn ProCurve ti HP, bí àpẹẹrẹ, tó o bá ń da fáìlì láti orí TFTP (ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ fi ń gbé fáìlì fún ara wọn) sínú startup-config (config tí ẹ̀rọ ń kà nígbà tó bá ń tàn), tó o sì ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn lójú ẹsẹ̀. Àdírẹ́sì 192.0.2.10 tẹ́ ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nínú ìwé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi iṣẹ́ wa. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa: mo da config swíìṣì wa sórí sáfà TFTP. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún VLAN (ìpín tí a pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí) tò. Iṣẹ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kò burú, ṣebí mo ní ẹ̀dà. Mo pe fáìlì mi padà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tiẹ̀ sọ iye báìtì tó gbà fún mi. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo bà jẹ́ ṣì wà níbẹ̀! Access-list (òfin ohun tó lè kọjá) tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ò lọ, pọ́ọ̀tù tí mo pa ò jí. Ṣé fáìlì náà ló bàjẹ́ ni, àbí swíìṣì ló ń purọ́ fún mi? — Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò tíì gbọ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fáìlì rẹ ò bàjẹ́, swíìṣì rẹ ò sì purọ́. Ọ̀rọ̀ "copy" yẹn ló tàn ẹ́ jẹ, o ò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Nígbà tó o bá ń da running-config, ìyẹn config tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́, lọ sórí sáfà, ẹ̀dà gidi ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó o bá yí i padà, tó o kọ copy tftp: running-config, swíìṣì kì í nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò kó tó gba tuntun. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ti console (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún swíìṣì), tó ń tẹ ìlà inú fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Ìlà tí kò sí nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ á wọlé. Èyí tí kì í gbà ju ẹyọ kan lọ, bíi hostname tàbí àdírẹ́sì IP, ti inú fáìlì á borí. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí kò sí nínú fáìlì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tó wà ló máa jókòó sí. O bu omi tútù lé omi gbígbóná, o wá rò pé o ti da ti àkọ́kọ́ nù.

Jẹ́ ká wo pọ́ọ̀tù tó o ní kò jí yẹn. Ó ní láti jẹ́ pé bó ṣe rí nínú ẹ̀rọ rẹ nìyí:

interface GigabitEthernet0/7
 description Printer
 switchport access vlan 20
 shutdown

Èyí tó wà nínú fáìlì orí sáfà sì rèé:

interface GigabitEthernet0/7
 description Printer
 switchport access vlan 20

Tún un kà. Fáìlì yẹn ò sọ pé kí pọ́ọ̀tù ṣí o. Ó kàn dákẹ́ ni. IOS kì í kọ no shutdown sínú config, nítorí lójú tiẹ̀, bó ṣe yẹ kí pọ́ọ̀tù wà nìyẹn, kí ló tún fẹ́ kọ sílẹ̀? Nítorí náà ìlà mẹ́ta yẹn wọlé, wọ́n bá ìkejì wọn níbẹ̀, wọ́n kí ara wọn, shutdown sì wà ní ìsàlẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbé swíìṣì tuntun jáde nínú páálí, tí wọ́n da config ògbólógbòó sínú running-config rẹ̀, tí wọ́n wá ń ṣe kàyéfì pé ojú Vlan1 ò dáhùn. Títì ni Vlan1 máa ń wà lórí ẹ̀rọ tuntun, fáìlì tí wọ́n dà sí i ò sì sọ fún un pé kó ṣí.

Ohun tó yẹ kó o ti lò ni configure replace:

configure replace tftp://192.0.2.10/sw-oke2.cfg

Èyí á gbé fáìlì àti ohun tó wà nínú ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á fi èyí tó kù kún un, á sì yọ èyí tó lé. Á bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, o ó sì tẹ Y. Fáìlì tó pé ni kó o fún un o! Tó bá jẹ́ ìlà mẹ́ta péré lo kọ síbẹ̀, á gbà pé ìlà mẹ́ta yẹn nìkan lo fẹ́ lórí ilẹ̀ ayé, á sì máa yọ ìyókù dànù.

Tí swíìṣì rẹ bá ti gbó tí kò mọ àṣẹ yẹn, ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà: da fáìlì náà sínú startup-config, torí pé ìyẹn ń rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, kó o wá tẹ reload. Ibi tí mo fẹ́ kó o ti la ojú rẹ nìyí. Tó o bá tẹ reload, swíìṣì á bi ọ́ pé: System configuration has been modified. Save? Ọwọ́ wa ti mọ́ yes lára. Tó o bá fi dáhùn yes, running-config tó o bà jẹ́ yẹn ló máa gorí fáìlì tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ẹ̀rọ á tún jí pẹ̀lú àìsàn tó bá sùn. No ni kó o tẹ̀. Mo mọ ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan kó tó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀.

O mẹ́nu kan VLAN. Lọ tẹ show vtp status; VTP ni ètò tí àwọn swíìṣì fi ń pín àkójọ VLAN fún ara wọn. Tó bá jẹ́ pé Server ni swíìṣì rẹ wà, nọ́ńbà àti orúkọ àwọn VLAN rẹ ò sí nínú config tó o gbé pamọ́ rárá. Inú fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ vlan.dat ni wọ́n wà, nínú flash, ibi tí swíìṣì ń tọ́jú fáìlì sí. Config á sọ pé pọ́ọ̀tù 7 wà nínú VLAN 20, kò sì ní sọ ẹni tó ń jẹ́ VLAN 20. Tó bá jẹ́ Transparent ló wà, wọ́n máa ń hàn nínú running-config. Nítorí náà, tẹ copy flash:vlan.dat tftp: náà, kó o tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀.

Nígbà mìíràn tó o bá fẹ́ fọwọ́ kan swíìṣì tó jìnnà sí ọ, kọ́kọ́ tẹ reload in 10. Tó o bá gé ẹ̀ka igi tó o jókòó lé, tí ìwọ fúnra rẹ ò lè débẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ tàn, á sì padà sí startup-config tí o kò tíì fọwọ́ kàn. Tí iṣẹ́ bá dára, tẹ reload cancel. Má gbàgbé cancel yẹn o, àwọn ará ọ́fíìsì ò ní bá ọ rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, tèmi ò tiẹ̀ lọ rárá ká tó sọ pé ó ń bọ̀. Mo tẹ copy running-config tftp:, mo fún un ní àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù mi, mo fún fáìlì lórúkọ, ó wá ń to àmì ìdánudúró sílẹ̀ bí èèrà, ó ní Timed out. Ping sì ń lọ geere. — Ọmọ Console

Ìdáhùn: Ping tó ń lọ yẹn ò jẹ́rìí sí nǹkan kan ju pé ọ̀nà wà lọ. Kò sọ fún ọ pé ẹnì kan wà nínú ilé tó máa ṣílẹ̀kùn.

Àmì ìyanu lo fẹ́ rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé nǹkan ń lọ. Àmì ìdánudúró ń sọ pé swíìṣì sọ̀rọ̀, ó dúró, kò gbọ́ èsì. TFTP kì í rán fáìlì lódindi. Ègé tó jẹ́ báìtì 512 ló ń gé e sí, tó bá rán ọ̀kan, á dúró kí òdìkejì sọ pé òun ti gbà á kó tó rán èkejì. Fáìlì báìtì 9,000 á di ègé 18, èyí tó gbẹ̀yìn á jẹ́ báìtì 296 péré, bó sì ṣe kéré sí 512 yẹn ni sáfà fi ń mọ̀ pé ó ti parí. Nítorí náà, tí ìdáhùn kan bá sọnù lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló dúró.

Ibi tí mo ti máa ń bá àrùn yìí jù ni firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò) láptọ́ọ̀pù. Ẹnu ọ̀nà UDP 69 ni swíìṣì ń kàn, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ni kì í ṣí i fún àlejò. Ọgbọ́n kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń kó àwọn firewall àárín ọ̀nà lọ́kàn sókè: sáfà kì í dáhùn láti ẹnu 69 tí wọ́n kàn. Ó máa ń mú ẹnu ọ̀nà mìíràn, ibẹ̀ ni ìyókù ọ̀rọ̀ á sì gbà. Firewall tí kò mọ àṣà TFTP á rí i bí ẹni tí wọn ò ránṣẹ́ pè, á lé e padà.

Tí firewall bá mọ́, wo kọ̀ǹpútà rẹ: ṣé Wi-Fi ni ètò TFTP ń tẹ́tí sí nígbà tó jẹ́ pé wáyà lo fi so mọ́ swíìṣì? Tó bá ṣe pé swíìṣì rẹ ní àdírẹ́sì lórí VLAN bíi mẹ́ta, ó lè jẹ́ èyí tí sáfà ò mọ ọ̀nà rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. ip tftp source-interface Vlan10 ló máa ń yanjú ìyẹn, ìwọ fi nọ́ńbà tìrẹ sí i.

Tó bá di pé Timed out lọ, tó wá ń sọ pé wọn ò gbà á láàyè, tàbí pé fáìlì ò sí, má bínú, o ti ń sún mọ́ ọn. Sáfà ti ń dá ọ lóhùn nìyẹn. tftpd-hpa tó wà lórí ọ̀pọ̀ Linux kì í gbà kí àlejò dá fáìlì tuntun sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi --create bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kí fáìlì ti wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí. Lórí Debian:

sudo touch /srv/tftp/sw-oke2.cfg
sudo chmod 666 /srv/tftp/sw-oke2.cfg

Kó o wá tún un gbìyànjú. Tó bá lọ tán, ṣí fáìlì náà lórí sáfà, kó o wo ìlà tó gbẹ̀yìn. end ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Fáìlì tí kò bá ní end ní ìsàlẹ̀, ó já lójú ọ̀nà ni, má fi pamọ́ bí ẹni fi oògùn pamọ́.

Ìbéèrè: Mo kí ọ o, ọmọ mi. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ìwé owó ni mo máa ń fọwọ́ sí. Ẹni tó wá yẹ ẹ̀rọ wa wò ní ká má lo TFTP mọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń lò ó, pé kò séwu. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Bàbá Olùfọwọ́sí

Ìdáhùn: Ẹ kú àgbà, bàbá. Ẹni tó wá yẹ ẹ̀rọ yín wò ló jàre, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ bá ọmọ yẹn jà.

Ọdún 1981 ni Karen Sollins kọ ìlànà TFTP jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 1992, èyí tí ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní. Wọ́n dìídì ṣe é kékeré ni, kó lè rọrùn láti gbé sínú ẹ̀rọ. Kí ó tó lè kéré bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ pásíwọ́ọ̀dù kúrò nínú rẹ̀. Kì í béèrè ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Kì í sì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà á ka gbogbo rẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Àwọn kan á sọ fún yín pé kò kúkú lè to orúkọ fáìlì jáde fún àlejò, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ kó tó béèrè. Òótọ́ ni. Àmọ́ orúkọ swíìṣì pẹ̀lú "-confg" lẹ́yìn rẹ̀ ni Cisco fúnra rẹ̀ máa ń dábàá, ta ni ìyẹn máa ṣòro fún láti rò?

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú fáìlì yẹn. Àdírẹ́sì gbogbo yàrá inú ilé yín ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ SNMP, ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ láti òkèèrè, wà níbẹ̀ ní gbangba. Pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ 7 sí iwájú rẹ̀ ò ju aṣọ tó fẹ́lẹ́ lọ, ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń tú u. Ti 8 àti 9 le ju ìyẹn lọ gan-an, ẹ ní kó yí wọn sí i. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ju kíkà lọ ni pé fáìlì tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá máa pè é padà, config ẹlòmíràn ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ dà sínú swíìṣì yín.

Ẹ ní kó máa lo SCP. Orí SSH ló ń gbà, ẹnu ọ̀nà 22, ó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ó sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àṣẹ rẹ̀ ò sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ:

copy running-config scp://backup@192.0.2.10/sw-oke2.cfg

Tó bá dábàá FTP fún yín, ẹ ní rárá. FTP ní pásíwọ́ọ̀dù, àmọ́ pariwo ló ń fi pè é lójú ọ̀nà.

Kí n má rẹ́ ọmọ náà jẹ o: tó bá jẹ́ pé swíìṣì kan ló gbé sórí tábìlì, tó fi wáyà kan ṣoṣo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, TFTP ò ṣe é ní nǹkan kan, èmi náà ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn dé ojú iṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ROMMON (ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ) nìkan ló kù, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa gbà ọ́ là.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ń sú mi. Ṣé swíìṣì ò lè máa gbé config rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ ni? — Ọ̀lẹ tó gbọ́n

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é.

archive
 path scp://backup:pasiwodu@192.0.2.10/$h
 write-memory
 time-period 1440

write-memory ni kó máa rán ẹ̀dà lọ nígbàkigbà tó o bá fi config pamọ́. 1440 jẹ́ ìṣẹ́jú, ìyẹn ọjọ́ kan. Ṣàkíyèsí pé pásíwọ́ọ̀dù sáfà ti wà nínú config báyìí, nítorí náà kí backup yẹn jẹ́ ẹni tí kò lè ṣe nǹkan mìíràn lórí sáfà ju kó gba fáìlì lọ. Tí swíìṣì rẹ bá ti ń pọ̀, fi ìyẹn sílẹ̀, kí sáfà máa lọ bá wọn fúnra rẹ̀ lórí SSH. Ètò kan tó ń jẹ́ RANCID ti ń ṣe é tipẹ́, òmíràn tó ń jẹ́ Oxidized ń ṣe é, á sì tún fi ìlà tó yí padà láàárín àná sí òní hàn ọ́. Òun lèmi ń lò.

$h yẹn, hostname ni. Má fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé config swíìṣì 14 pamọ́ kí wọ́n tó tún yàrá ẹ̀rọ ṣe. Mo so console mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Destination filename [switch-confg]? ló ń bi mí, Enter lèmi ń tẹ̀. Àmì ìyanu ń jáde, inú mi ń dùn, mo ń fi báírò fa ìlà sínú ìwé mi. Kò sí ẹni tó fún èyíkéyìí nínú wọn lórúkọ rí. Switch ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tí mo ṣí fódà orí sáfà, fáìlì kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, ti swíìṣì tí mo kàn gbẹ̀yìn. Wọn ò tíì pa iná yàrá náà, ìyẹn ló yọ mí. Mo tún gbé console, mo padà sídìí ti àkọ́kọ́, hostname ni mo sì kọ́kọ́ tẹ̀.